Ìfun Tó Ń Bínú Kì Í Ṣe Ohun Tó Pa Ìyá Rẹ

Káyọ̀dé,

Ìyá rẹ kú. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ló kú, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọdún kẹta rèé, nínú yàrá tí mo jókòó sí báyìí. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á. Èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé. Mo fi èyí ṣáájú kí o lè mọ̀ pé mo mọ ẹni tó kú nínú ilé yìí, mo sì mọ ẹni tí kò kú. Ìwọ kò kú.

Mi ò mọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n rẹ Jọkẹ́ ló ń kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ṣúgà sí ọ̀rọ̀ mi. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, wàá ní, “Bàámi, mo wà níbi iṣẹ́, màá pè yín padà.” O kì í pè. Awakọ̀ tó ń ti Ìkọ̀lé ná Lọ́kọ́ja ni yóò fi èyí lé ọ lọ́wọ́. Kà á tán kí o tó lanu.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ rèé. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, Bùnmi wá kí mi, ọmọ Ìlúpéjú tí a ti lọ mọ àwọn òbí rẹ̀ nítorí rẹ. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi dáadáa, kò sunkún. Ó ní, “Bàbá, Káyọ̀dé ní òun ò ṣe ìgbéyàwó mọ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kó sọ bẹ́ẹ̀?”

Mo ní, “Tó bá jẹ́ èmi ni, ojú rẹ ni mo máa sọ ọ́ sí.”

“Ó ní àìsàn tó pa màmá ti bẹ̀rẹ̀ lára òun. Ó ní òun ò fẹ́ sọ mí di opó.”

“Kí lo wá sọ fún un?”

“Mo ní ta ló bi í léèrè. Bí mo bá máa di opó, ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ bi mí léèrè ni?”

Ọmọ yìí ní ẹnu. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá rẹ náà ìbá fẹ́ràn rẹ̀, wọn ì bá sì máa jà lójoojúmọ́.

Ìgbà tó lọ tán ni Jọkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún mi pé o ti fi àwòrán ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ránṣẹ́ sórí fóònù òun. Inú rẹ ti ń dà ọ́ láàmú láti ìgbà tí o ti wọ iṣẹ́ tuntun yìí: ó ń lọ́, ó ń wú, lónìí ìgbẹ́ gbuuru, lọ́la kò ní jáde rárá. Dókítà tó wà ní Lọ́kọ́ja níbẹ̀ yẹ̀ ọ́ wò, ó yẹ ìgbẹ́ rẹ wò, ó ní kò sí ọgbẹ́ kankan, ìfun rẹ kàn ń bínú ni. O ò gbà á gbọ́. O dá ara rẹ lọ sí ilé àyẹ̀wò míì, o ní kí wọ́n yẹ gbogbo ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ lọ sílẹ̀. Ibẹ̀ lo ti rí ikú. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, sísá ló ń sá. Mi ò bá ọ wí nítorí pé o sá. Mo ń bá ọ wí nítorí pé o ń sá bọ̀ látọdún yìí láìbojú wẹ̀yìn wo ohun tó ń lé ọ.

Mo ní kí Jọkẹ́ bọ́ sọ́nà. A mú fóònù náà lọ bá dókítà obìnrin tó tọ́jú ìyá rẹ. Ó wò ó títí, ó ní, “Bàbá, ṣé ibà máa ń mú un?”

Mo ní rárá.

“Ṣé ó ń rù?”

Mo ní, “Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun tó wọlé.” Jọkẹ́ ní irọ́ ni mò ń pa, pé o ò sanra tó bẹ́ẹ̀. O sanra tó bẹ́ẹ̀.

“Ṣé egbò máa ń yọ ọ́ lẹ́nu léraléra? Ṣé ẹnu rẹ̀ máa ń bó? Ṣé ó ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́?” Jọkẹ́ pè ọ́ níbẹ̀, o dáhùn rárá sí gbogbo rẹ̀, o wá ń béèrè pé kí ló dé tí gbogbo ènìyàn ń bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ láàárọ̀ kùtùkùtù. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Dókítà ní, “Mi ò lè wo ènìyàn nínú fóònù. Kó wá, kí n fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ká tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò. Àmọ́ èyí tí mo rí yìí kò jọ ti màmá rárá. Ti màmá lọ sókè kọjá ààlà. Tirẹ̀ rọra rẹlẹ̀ ni.” Mo ní kó ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé. Ohun tí mo gbọ́, òun ni mo fẹ́ fi lé ọ lọ́wọ́, pẹ̀lú ohun tí ojú mi ti rí.

Ìkíní. Má ṣe jẹ́ kí iye kan ṣoṣo dájọ́ fún ọ. Ẹ̀jẹ̀ funfun ló ń jà fún ara. O mọ ògán tó wà létí oko wa lọ́nà Ìrè. Bí nǹkan bá kàn án, àwọn ikán olórí pupa á tú jáde. Bí wọ́n bá pọ̀, o mọ̀ pé nǹkan ti kan ilé wọn. O ò tíì mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ rẹ ni, tàbí ọkọ́, tàbí akika tó ń jẹ ikán. Iye tó jáde kò lè dárúkọ ẹni tó kàn wọ́n. Dókítà ní ọ̀pọ̀ ìwé àyẹ̀wò a máa ka ẹni tó bá wà láàárín nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin sí ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá sí ẹni tó wà létòlétò, nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tí kò tó nǹkan. Tìrẹ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé. Ó ní ọ̀pọ̀ àwa ènìyàn dúdú ni ẹ̀jẹ̀ funfun wa kì í pọ̀ tó ti àwọn tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n inú ìwé yẹn, ara wọn sì dá ṣáká, wọn kì í ṣàìsàn ju ẹlòmíràn lọ. Bí a bí wọn nìyẹn. Ó ní bí o bá ní ìwé àyẹ̀wò àtijọ́, bóyá èyí tí wọ́n ṣe fún ọ nígbà tí o ń wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, kí o mú un wá, kí òun fi ìwọ wé ìwọ. Ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ lo ti ń rí látilẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé òtútù kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọ tó fi rẹlẹ̀, tàbí oògùn tí o lò. Àtúnyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni yóò sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀rù.

Lílọ sókè náà kì í ṣe ikú. O rántí Ìyá Dúró tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó lọ sókè, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé ohun tó pa aya mi ti dé ilé kejì. Dókítà kan náà yìí ló bi í pé, “Ìyá, kí lẹ ń gbé mì?” Ó ní kò sí. Dókítà ní, “Ẹ tú àpò yín.” Ó tú u. Oògùn àpòpọ̀ tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ dì sínú ọ̀rá fún wọn ní ìsọ̀ kẹ́míìsì ló wà níbẹ̀, pupa, àwọ̀ ewé, àti àwọn funfun kéékèèké. Dókítà mú funfun náà, ó ní, “Èyí nìkan tó láti gbé ẹ̀jẹ̀ funfun sókè.” Ìyá Dúró ní, “Ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí n jẹun dáadáa.” Dókítà ní òun mọ̀, ìdí tí wọ́n ṣe ń fi sí i nìyẹn. Kò ní kó dá a dúró lójijì o, ó ní irú oògùn yẹn ń fẹ́ ká máa dín in díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó jáwọ́ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà sí ipò rẹ̀. Nítorí náà, ohun gbogbo tí o bá ti gbé mì, kó o kà á fún dókítà, kí o tó jẹ́ kó ka ẹ̀jẹ̀ rẹ.

O ó ní ti ìyá rẹ ńkọ́. Jọkẹ́ ní kí n fò ó. Mi ò fò ó. Ti ìyá rẹ kì í ṣe iye nìkan. Iye náà jẹ́ ọ̀kẹ́ lórí ọ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ ló rí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ó ń rù, ìró rẹ̀ ń yí i po. Òógùn ń bò ó lórí ibùsùn. Nǹkan kan le lábẹ́ ìhà rẹ̀ òsì, mo máa ń fi ọwọ́ mi kàn án. Ojú rẹ̀ funfun. Gbogbo wa ń pè é ní tífọ́ọ̀dù fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé orúkọ tí a mọ̀ nìyẹn. Ìgbà tí dókítà fi ojú ara rẹ̀ wo ìrísí ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Mo bi í bóyá àwọn ọmọ mi lè jogún rẹ̀. Ó ní irú èyí kì í sábà jẹ́ àjogúnbá. Mo bi í ní ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ìyá rẹ ṣì wà láàyè, ìyá rẹ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ìmí tó mí lọ́jọ́ náà, ìwọ lo fẹ́ bà á jẹ́ yìí.

Ìkejì, ìfun rẹ. Dókítà ní kì í ṣe àròsọ, ó ń dun ènìyàn lóòótọ́. Kì í di jẹjẹrẹ. Kì í mú ẹ̀jẹ̀ funfun lọ sókè tàbí sílẹ̀; bí iye náà bá yí padà, ibòmíràn ni ká wá a sí, ká má dì í ru ìfun. Kò ní oògùn tí a ó lò lẹ́ẹ̀kan kó lọ pátápátá, àmọ́ ó ṣeé tù. Ọpọlọ àti ìfun ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà, bí ọpọlọ bá ń pariwo, ìfun á gbọ́.

Má ṣe fọ inú. Mo mọ̀ pé o ti ń fọ̀ ọ́, nítorí pé ọmọ ilé yìí ni ọ́. Gbogbo inú rírun nílẹ̀ wa, jẹ̀díjẹ̀dí ni, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ló sì kàn. Inú tèmi náà máa ń ṣe bí tìrẹ nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Ọjọ́ tí àáró kàn mí, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń bọ̀ wá kọ ebè fún mi, mo mu àgbo lájùlò kára mi lè fúyẹ́ fún iṣẹ́. Ara mi fúyẹ́. Wọ́n ń kọ ebè, èmi olóko ń sá wọ igbó. Ọ̀rẹ́ mi Òjó dúró, ó fọwọ́ lé ọkọ́, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká fi ààlà sí igbó yẹn, olóko ti gbà á.” Nígbà tí oòrùn fi dé àtàrí, mo dákú sáàárín ebè. Ìyá rẹ bu omi sí mi lójú, ó ní, “Iṣu la fẹ́ gbìn o, a ò ní ká gbin ọkọ.” Títí tí Òjó fi kú, kò yé pè mí ní olóko igbó. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àgbo a máa gbẹ omi ara, a máa bí ìfun nínú sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o má máa ra oògùn tífọ́ọ̀dù jẹ nígbàkigbà tí inú bá lọ́. Bí ìrora bá pọ̀, oògùn tó ń tú ìfun tó súnkì sílẹ̀ wà, dókítà ni kó kọ ọ́ fún ọ.

Jẹun lásìkò. O kì í jẹ nǹkan kan láàárọ̀, o kì í jẹ lọ́sàn-án, alẹ́ lo máa ń dì í sínú bí ẹni ń di gààrí sínú àpò. Jẹ díẹ̀díẹ̀, kí o jẹ ẹ́ lẹ́nu kúnná. Oúnjẹ tó bá ń ṣe ọ́, fura sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yọ ẹ̀wà kúrò fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wò ó. Bí kò bá ṣe ẹ̀wà, dá a padà, kí o wo mílíìkì, tàbí àlùbọ́sà, tàbí ata àti òróró tó pọ̀ jù, tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹni tó bá lé gbogbo oúnjẹ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ebi ni yóò kù sílé pẹ̀lú rẹ̀. Máa rìn. Máa sùn. Mu omi. Bí ó bá ń ṣe ọ́ bíi kí o yàgbẹ́, tètè dìde lọ, má jókòó tì í nítorí ọ̀gá ń pè ọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ máa ń lọ.

Jọkẹ́ bi mí pé ìkẹta ńkọ́. Kò sí ìkẹta, ọ̀rọ̀ ni mò ń sọ. Àmọ́ kọ èyí kó hàn gedegbe: Káyọ̀dé, bó o bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ, tàbí kó dúdú bí ọ̀dà, bó o bá ń rù láìjẹ́ pé o fẹ́ rù, bí ibà bá ń mú ọ tí kò lọ, bí inú bá ń jí ọ lójú oorun, bí o bá rí nǹkan tó le nínú ikùn, bí àárẹ̀ bá mú ọ tí ojú rẹ sì funfun, má ṣe sọ pé bàbá rẹ ní ìfun ló ń bínú. Gbéra lọ sí ilé ìwòsàn. Mi ò ní kí o má bẹ̀rù rárá. Mo ní kí o mọ ohun tí o ó bẹ̀rù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iyán.

Nígbà tí a lọ sí Ìlúpéjú, wọ́n gbé iyán kalẹ̀ fún ọ, wọ́n fi ẹran igbó àti ẹ̀fọ́ sí i. O ti fọwọ́ sẹ́yìn, o ní o ti yó. O jáde sí ẹ̀yìnkùlé wọn, o pẹ́ níbẹ̀. Bàbá Bùnmi yí sí mi, ó rọra sọ ọ́ pé, “Ṣé uṣu ulé wa ni kò dára tó ni?” Mo ní ara rẹ ni kò yá. Ó ní, “Ọmọ Èkìtì tí ara rẹ̀ kò yá fún iyán. Ó dáa.” Ìwọ mọ ohun tí “ó dáa” túmọ̀ sí lẹ́nu àna. Wọn ò bínú nítorí pé o kò jẹun. Wọ́n bínú nítorí pé o kò sọ ìdí. Ká ní o ní, “Bàbá, inú mi ń yọ mí lẹ́nu, ẹ bù ú díẹ̀ fún mi,” wọn ì bá bù ú díẹ̀, ìyá Bùnmi ì bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ gbogbo ẹni tí inú ń yọ lẹ́nu nílé wọn. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ìtìjú inú lo fi pamọ́, wọ́n pè é ní ìgbéraga. Ikú tí kò sí lo wá fi pamọ́ báyìí, Bùnmi sì ń pè é ní ìkọ̀sílẹ̀. Bí o bá ń bá ayé lọ báyìí, ìwọ nìkan ni yóò máa mọ ohun tó ń ṣe ọ́, o kò sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Mo sì fẹ́ sọ èyí. Ó ti pẹ́ kí inú rẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń wò ọ́. O kò sunkún níbi ìsìnkú ìyá rẹ. O ń gbé àga, o ń bu omi fún àlejò. Gbogbo ènìyàn ń yìn ọ́ pé akin ni ọ́. Mo mọ̀ pé akin kọ́. Ẹni bá fojú àná wòkú, ẹbọra a bọ́ ọ láṣọ. Ìyá rẹ ti lọ. Máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún Bùnmi. Sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tí o bá fẹ́. Èmi máa ń sọ ọ́ fún àwọn iṣu inú àká, wọn kì í dáhùn, ṣùgbọ́n mo máa ń sùn. Mo sin ẹni tó kú, ìyẹn tó mi. Mi ò ní bá ọ sin ara rẹ láàyè.

Èrò mi nìyí: ìgbéyàwó yìí kò yẹ̀. Ká ní ẹsẹ̀ mi ṣì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ ni, èmi fúnra mi ni mo máa lọ. Orúnkún mi ò gbé mi gun ọ̀kadà mọ́, àna kì í sì í gbọ́ ọ̀rọ̀ arúgbó méjì tó ń bá ara wọn jiyàn tán. Jọkẹ́ ni àkọ́bí mi. Òun ló di ìyá rẹ lọ́wọ́ mú, òun ló bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí lé e lọ́wọ́. Òun ni yóò lọ sí Ìlúpéjú, yóò sọ òótọ́ inú rẹ fún wọn, yóò sì bá ọ jókòó lọ́dọ̀ dókítà nígbà tí o bá wálé. Ọjọ́ tó bá dá, èmi ni mo dá a. Bó bá ní kí o jẹ, jẹ. Bó bá ní kí o dákẹ́, dákẹ́.

Jọkẹ́ dáwọ́ dúró. Ó ní òun kò tíì gbà, pé òun ní ọmọ àti ilé ẹ̀kọ́ tí òun ti ń ṣe olùkọ́. Mo ní kọ ọ́ sílẹ̀ pé o kò tíì gbà. Ó ti kọ ọ́.

Jọkẹ́, ó tó. Fi orúkọ mi sí i, kí o wá sọ fún mi ọjọ́ tí o ń lọ sí Ìlúpéjú.